Kóòtù ò ní kí wọ́n lé ayálégbé síta o

Olóòtú mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Ẹ̀bá Atlanta ni mò ń gbé, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n máa kó ẹrù ayálégbé síta nígbà Kòfíìdì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

September 2020 ni CDC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn, ní kí onílé má lé ẹni tí ò rówó ilé san, torí téèyàn bá lọ fún pọ̀ mọ́ ẹbí nínú yàrá kan, àrùn á ràn. Èmi náà kọ fọ́ọ̀mù tí ayálégbé gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n má bàa lé e. Mo búra pé owó tó ń wọlé fún mi ò ju 99,000 dọ́là lọ lọ́dún, pé mò ń san ìwọ̀nba tágbára mi ká, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé téèyàn bá parọ́ ó lè ṣẹ̀wọ̀n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sáìnì í. Gbèsè ò sì torí ẹ̀ kúrò lọ́rùn mi o, gbogbo owó ilé yẹn ni mo ṣì jẹ.

Àwọn onílé láti Alabama wá gbé e lọ kóòtù, wọ́n ní òfin 1944 tí CDC dì mú, ọ̀rọ̀ fínfín oògùn àti pípa kòkòrò ló wà níbẹ̀, pé kò kan owó ilé. Ní August 26, 2021, adájọ́ 6 ní kóòtù tó ga jù yẹn gbè wọ́n, 3 ò fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé tí àṣẹ yẹn bá máa wà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ mi ò lè sọ pé wọ́n ka òfin yẹn lódì.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọn ò tètè san ló ká mi lára jù. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ya ju bílíọ̀nù 46 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi bá àwọn èèyàn san owó ilé, July 2021 parí tán, nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 ló tíì jáde! Ìyá ìbejì kan ń gbé nísàlẹ̀ wa, òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń fọṣọ ló tì pa, ó ti kọ̀wé fún owó yẹn láti oṣù May, gbogbo ìgbà tí mo bá bi í, á ní, "Àǹtí, wọ́n ní kí n ṣì máa retí." L'Ékòó, òfin 2011 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní nótíìsì oṣù 6, ní Georgia níbí, tí ìwé kóòtù bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọjọ́ 7 péré lo ní láti fèsì. Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan ní September, mátíráàsì ìyá ìbejì yẹn ti wà létí títì, òjò ń pa á, bàtà ilé ìwé àwọn ọmọ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ní October ló fi fóònù ẹ̀ hàn mí, wọ́n ti gbà láti san owó náà, fún ilé tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
Ayálégbé kan, Georgia