Kóòṣì ọmọ ò gbọdọ̀ ṣe adájọ́ ẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ijó ballroom, ijó òyìnbó tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń jó ní méjì-méjì, tó ní àwọn adájọ́ ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí èèyàn tó ń náwó lóde àríyá, oníjó tó bá ṣáà ti wù wọ́n ni wọ́n máa lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. Ó ti pé ọdún mẹ́fà témi àti ìyàwó mi ti ń gbé ọmọ wa obìnrin káàkiri ìdíje nílùú ọba níbí, ojú wa ti rí nǹkan.

Rúùlù ibẹ̀ pọ̀ bí ẹní máa kú. Ijó márùn-ún ló wà lápá Standard, márùn-ún lápá Latin, orin gan-an níye tó gbọ́dọ̀ yá mọ, ijó waltz ò gbọdọ̀ ju 28 sí 30 bar (ìdì ìlù) lọ ní ìṣẹ́jú kan, quickstep 50 sí 52, kò sí pé ara onílù gbóná kó wá sáré sí i. Èyí tẹ́ ẹ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n tí ọkùnrin ń gbé obìnrin sókè yẹn, ẹ má gbé e débẹ̀ o, wọn ò gbà á. Tàwọn ọmọdé ló tún wá le jù, kò sí àtíkè, kò sí òkúta dídán lára aṣọ, gìgísẹ̀ bàtà ò gbọdọ̀ ga ju 3.5 sẹ̀ǹtímítà. Ìyàwó mi lé tíróò sọ́mọ lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ọmọ Yorùbá ló ń lọ òde, ni wọ́n bá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ká lọ nù ún kúrò, tíróò ò sì lọ bọ̀rọ̀, bọ́mọ ṣe bọ́ sójú agbo tojútojú pọ́n nìyẹn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà.

Ó wá ku máàkì. Skating System ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe eré orí yìnyín ni mò ń sọ o, láti 1937 ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká ní adájọ́ méje ló wà, kálukú á to àwọn pẹ́à oníjó mẹ́fà tó kù ní fáínà, ìyẹn ìpele tó kẹ́yìn, láti ipò kìíní dé ìkẹfà, láì bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ó di dandan kí adájọ́ mẹ́rin ó kéré tán fi ẹ sípò kìíní kó o tó gbà á tààrà. Bí kò bá sẹ́ni tó ní mẹ́rin, wọ́n á wá ka ìkejì mọ́ ọn. Torí náà ẹni tí adájọ́ mẹ́ta fún ní kìíní táwọn mẹ́rin tó kù fún ní ìkẹfà, ó máa wà lẹ́yìn ẹni tó ní kìíní méjì àti ìkejì márùn-ún. Adájọ́ kan ṣoṣo tó kórìíra ẹ ò lè dédé bà ẹ́ jẹ́. Ìṣirò yẹn dáa, mi ò bá a jà.

Ẹni tó mú bírò lọ́wọ́ ni mo ń bá jà, adájọ́ tó tún ń ṣe kóòṣì. Orin kan ò sábà ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, pẹ́à mẹ́fà ló ń jó, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ta ni ojú adájọ́ máa kọ́kọ́ lọ bá bí kì í bá ṣe ọmọ tó kọ́ níjó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Lọ́dún kan, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká lọ síbi ìdíje kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, òbí kan ló rọra bi mí létí pé ṣé a ti lọ sanwó gba ẹ̀kọ́ ijó lọ́wọ́ adájọ́ báyìí báyìí. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo padà sanwó ọ̀hún, kí n má purọ́. Ọmọ mi wọ fáínà, ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, inú gbogbo ilé ń dùn, èmi nìkan ni mi ò lè jẹun.

Wọ́n sáà máa ń lẹ máàkì adájọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri lẹ́yìn ìdíje, kí wọ́n bá wa lẹ orúkọ gbogbo ọmọ tí adájọ́ náà gbowó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kí wọ́n fi tèmi náà sí i.

Bàbá Oníjó,
Manchester