Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Àwọn Àga Tó Wà Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa yìí. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo ti ń gbọ́ agogo wọn láràárọ̀, ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà so mọ́ igi máńgòrò, àfi ìgbà tí wọ́n bá ní kí n wá gbàdúrà ìparí ọdún ni mo máa ń yọjú síbẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyẹn.

Ní kíláàsì kejì, ọmọ márùn-ún ló há sórí bẹ́ńṣì kan, àwọn yòókù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èèpo àgbọn tí tíṣà wọn fọ̀, tó sá gbẹ, ló fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Bí ìbéèrè bá le, á kọ́kọ́ fẹnu wí i jẹ́jẹ́ ní Ègùn, kó tó wá fi Yorùbá dáhùn. Pẹ́ńsù rẹ̀ tán. Ọmọ Mùsùlùmí tó jókòó tì í, ìbòrí rẹ̀ funfun báláú, ló ṣẹ́ tirẹ̀ sí méjì fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ará, Àgbádárìgì mà la wà yìí! Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbí. Nígbà tó fi máa di 1843, William de Graft tó bá a wá, àti ìyàwó rẹ̀, ti ṣí ilé-ìwé sílẹ̀, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọmọ àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú tó ń darí wálé láti Sierra Leone, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ sì wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: ibi ìtọ́jú ìjọ tó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọn ò dúró kí ìjọ kọ́kọ́ gbilẹ̀ kí wọ́n tó rántí ilé-ìwé. Ilé-ìwé ni wọ́n fi tọ́ ìjọ. Lọ́dún 1845, nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn, ó sì lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wà níbí. Àwọn náà dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí o.

Ìyá kan nínú ìjọ wa wà lára àwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì, ọwọ́ kò tó o. Bàbá rẹ̀ bẹ tíṣà títí. Ó ń sọ ọ́ fún mi, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "ti ìjọba ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àwọn ọmọ tèmi náà kò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Máàkù orí kẹwàá: inú bí Jésù sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, torí pé wọ́n ń dá àwọn ọmọdé lọ́nà.

Àga ìjókòó méjìlá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí a ti ra tuntun. Òjò ń pa wọ́n, ikán sì ti mú méjì. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fọwọ́ sí i pé ká kó wọn fún ilé-ìwé, ìyá ọ̀gá ibẹ̀ sì ti gbà. Àwọn kan ní orúkọ àwọn bàbá wọn tó ti sùn nínú Olúwa ló wà lára àga náà. Mo gbọ́, ó sì yé mi. A ò ní pa orúkọ kankan rẹ́. Káfíńtà kàn máa gé ẹsẹ̀ wọn kúrú ni, àwọn ọmọ á sì máa ka orúkọ náà.

Aago méje àárọ̀ Sátidé la máa bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá ní òòlù, ìṣó tàbí sáńpépà mú un dání. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, apá yín la nílò, torí àga náà wúwo. Àwọn ìyá ti ní àwọn á se ẹ̀wà.