Kí onílẹ̀ náà lè sọ pé rárá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Níbí ní Ọsirélíà, ìpàdé ìjọba tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó júbà àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní Melbourne tí mò ń gbé, àwọn Wurundjeri ni wọ́n máa ń dárúkọ. Inú àwa Yorùbá máa ń dùn sí i, torí a mọ ohun tí ìbà jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé àwọn èèyàn náà ti di ìtàn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Budj Bim, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria. Òkè ayọnáyèéfín ló da òkúta dúdú síbẹ̀ láyé ọjọ́un. Àwọn Gunditjmara ṣa òkúta náà jọ, wọ́n fi la ojú omi, wọ́n sì fi sé e, kí kooyang, ẹja kan tó gùn gbọọrọ bí ejò, lè wọlé kó máa sanra níbẹ̀. Níbi tóóró tí omi ń gbà jáde, ìgèrè tí wọ́n fi koríko hun ni wọ́n ń dẹ dè é. Apá kan iṣẹ́ yìí ti tó 6,600 ọdún. Àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó gbẹ́ kòtò, wọ́n sì fa omi adágún Condah gbẹ. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn Gunditjmara lórí ilẹ̀ náà ò parun. Nígbà tó di 2010, omi ti padà sínú adágún. Ẹgbẹ́ wọn, Gunditj Mirring, ló ń bójú tó ilẹ̀ náà lórúkọ gbogbo ọmọ ilẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló sì ń ṣọ́ ọ. UNESCO kọ ọ́ sára àjogúnbá àgbáyé ní 2019.

Òfin 2006 ti Victoria fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbára gidi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá níbi tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè wà gbọ́dọ̀ gbé ètò rẹ̀ wá fún wọn. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò ní rí ìwé àṣẹ gbà, àfi tó bá jàre wọn níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́.

Ibi tí agbára yẹn ò sí, ojú àwọn onílẹ̀ rí màbo. Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Rio Tinto fi ohun abúgbàù fọ́ ihò àpáta méjì ní Juukan Gorge, ní agbègbè Pilbara ní ìpínlẹ̀ Western Australia. Ó ti tó 46,000 ọdún tí èèyàn ti ń forí pamọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn. Ní 2014, wọ́n rí irun orí tí wọ́n dì bí okùn níbẹ̀, ó tó 4,000 ọdún, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ìran àwọn Puutu Kunti Kurrama àti Pinikura tó wà láàyè lónìí ló ni ín. Irun orí àwọn baba ńlá wọn! Àwọn èèyàn wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì ti sọ pé ibẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìgbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ síbẹ̀ fún ayẹyẹ ọdọọdún ni wọ́n tó gbọ́ pé Rio Tinto máa fọ́ ọ. Mínísítà ìpínlẹ̀ náà ti fọwọ́ sí i láti 2013. Ọ̀nà mẹ́ta wà tí ilé-iṣẹ́ náà ìbá gbà wa irin rẹ̀ láì kan ihò wọ̀nyẹn. Wọn ò sọ fún onílẹ̀. Òfin 1972 ti ìpínlẹ̀ náà sì gba awakùsà láàyè láti pẹjọ́ ta ko ìpinnu mínísítà, kò gba onílẹ̀ láàyè.

Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje 2023. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba Western Australia ti fagi lé e, wọ́n padà sí ti 1972. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, onílẹ̀ náà lè pẹjọ́ báyìí, àmọ́ ọwọ́ mínísítà ni àṣẹ ṣì wà. Ìyẹn ò tó.

Dandan ni ìbò dídì fún àwa tí a ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Mo bẹ àwọn ará wa ní Perth, olú ìlú Western Australia, pàápàá àwọn tó ń jẹun nídìí ìwakùsà: tí olùdíje bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í bóyá ó máa ṣe òfin tí ẹgbẹ́ onílẹ̀ fi lè kọ̀, tí kíkọ̀ wọn á sì múlẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Melbourne