Bísí, má tíì san owó yẹn

Bísí ọ̀rẹ́ mi, Bísí Aláta,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ò tíì gbé ọ mì? Mo gbọ́ ohùn gígùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ìwọ tó o máa ń ná ata ní Bódìjà títí ìyá aláta á fi fẹ́ sunkún, ìwọ lo fẹ́ ra ilẹ̀ nínú fídíò! Ìgbà tó o wá sọ pé gbogbo owó iṣẹ́ òru tó o ti ń kó jọ ní Manchester lo fẹ́ dà lé e, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Mo wo fídíò náà. Géètì wà, ọ̀pẹ wà, obìnrin tó ń pariwo "Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí" náà wà. Ilẹ̀ gan-an ni mi ò rí. Lóòótọ́, ilé ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, èbúté Lẹ́kí sì ti ń gba ọkọ̀ láti 2023, ṣùgbọ́n Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí kì í ṣe àdúgbò kan ṣoṣo. Mo bi Fẹ́mi àbúrò ẹ, tó ń bá wọn tà á, pé abúlé wo gan-an ni. Ó ní "ẹ̀gbẹ́ refinery." Ẹ̀gbẹ́ wo?

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni "excision in process" tí wọ́n kọ wínniwínni sí ìsàlẹ̀ ìwé wọn, ìyẹn ni pé ìjọba ò tíì yọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ tán. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú. Ibi tí ìjọba bá ti gbẹ́sẹ̀ lé, àfi kó yọ apá kan padà fún àwọn ará abúlé, kó sì jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, kí wọ́n tó lè tà á. Èyí tí ò tíì jáde, ìjọba ló ni ín. Wọ́n lè máa "process" ẹ̀ títí Dayọ̀ ọmọ mi á fi bímọ.

Gba sọ́fè ilẹ̀ náà, ìwé tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, lọ́wọ́ wọn. Kí sọ́fẹ́yọ̀ tìẹ, kì í ṣe tiwọn o, gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kó bá ọ chart ẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba. Ibẹ̀ ni yóò ti hàn bóyá ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, katapílà ni yóò wá ṣílé fún ọ. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ń bẹ. Òfin Èkó ti 2016 ní wọn ò gbọ́dọ̀ fipá gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, ṣùgbọ́n òfin kì í sùn ní sáìtì, àwọn ló ń sùn níbẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún Fẹ́mi, ó ní mo ti di lọ́yà. Àbúrò ẹ ni, mi ò ní pè é ní olè. Àmọ́ nínú owó tó o bá san ni tiẹ̀ ti ń wá. Bàtà tó wọ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Táíwò, hmm... ẹ jẹ́ n panu mọ́. (Obìnrin ló bí. Màmá mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, gbogbo ìdọ̀tí ilé mi ló ń rí báyìí.)

Tó bá jẹ́ owó ilé lo fẹ́ máa gbà, wo apá Moníyà n'Ìbàdàn níbí. Rélùwéè Èkó ti ń dé ibẹ̀ láti 2021. Mo lè débẹ̀ lọ́jọ́ òjò kí n wo ibi tí omi ń gbà, kí n sì rí i pé olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí fọwọ́ síwèé, kí agboolé kejì má baà jí lọ́jọ́ kan pé àwọn ló ni ín. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí owó náà gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, lọ́yà ni kó o san án fún. Má sì sọ fún Fẹ́mi pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ o, òun ló máa gbé àga wá síbi ọjọ́ ìbí Màmá.

Ó kù kan. Dayọ̀ ti rí ìwé ìwọlé gbà, Manchester ni, oṣù kẹsàn-án. Ṣé ó lè sùn ní pálọ̀ ẹ títí á fi rí yàrá? Mo mọ̀ pé wàá ní torí ẹ̀ ni lẹ́tà yìí ṣe gùn. Ó ń fọ abọ́. Ó sì ń jẹun gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Èmi ni tìẹ,
Rónkẹ́