Àkàndé, gbọ́ ìlù yìí ná

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
8 Oṣù Kejìlá, 2024

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Níbí, òtútù ti dé, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ilé ni mo ń jókòó sí, tí mò ń gbọ́ orin.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní jáàsì ti di orin àwọn àgbà tó ń mi orí lórí àga, pé láti ìgbà tí Tony Allen, onílù Fẹlá, ti kú ní Paris lọ́dún 2020, kò sẹ́ni tó ń lù ú kí ẹsẹ̀ èèyàn gbéra nílẹ̀ mọ́. Kí n tó dáhùn, iná fóònù rẹ ti tán. Gba èsì rẹ báyìí.

Ezra Collective, ẹgbẹ́ jáàsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló wà nídìí ìlù níbẹ̀: Femi Koleoso ń lu dúrọ́ọ̀mù, TJ ń ta gìtá béèsì. Ife Ogunjobi ló ń fọn tọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Àbí kò dà bí ìgbà tí tíṣà ń ka orúkọ wa ní kíláàsì? Tony Allen tí o ń dárò yẹn gan-an ló kọ́ Femi ní ìlù. Lọ́dún 2023 wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury, tí wọ́n ń fún àwo tó dára jù lọ́dún ní ilẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ jáàsì kankan kò sì gbà á rí ṣáájú wọn. Àwo wọn tuntun, Dance, No One's Watching, jáde ní oṣù kẹsàn-án, orin 19 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ "Ajala". Àjàlá tiwa ni o, Ọlábísí Àjàlá tó fi alùpùpù rìn káàkiri ayé, tí màmá mi máa ń fi orúkọ rẹ̀ pè ọ́ torí pé ẹsẹ̀ rẹ kì í gbélé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àmàlà ni mò ń rò lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló di kókó. Mo ti ń jó.

Oṣù kan náà ni Nubya Garcia gbé Odyssey jáde. Saksofóònù ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó kó àwọn onífayolíìnì ẹgbẹ́ Chineke! mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ohun tí wọ́n ń ta. Chi-chi Nwanoku ló dá Chineke! sílẹ̀ lọ́dún 2015 kí àwọn olórin aláwọ̀ dúdú lè rí àyè nínú orin kíláásíkà. O máa ń béèrè ibi tí gbogbo ọmọ yìí ti ń yọ. Tomorrow's Warriors, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ọmọdé ní jáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde, Nubya àti àwọn Ezra náà. Gary Crosby àti Janine Irons ló dá a sílẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra saksofóònù náà ń rí i fọn.

Ti Shabaka Hutchings, olórin jáàsì níbí náà, ló bá mi lábo. Ó gbé saksofóònù sílẹ̀ ní ìparí 2023, ó wá ń fọn fèrè, títí kan fèrè ọparun àwọn ará Japan. Àwo tó gbé jáde ní oṣù kẹrin, ilé ìgbohùnsílẹ̀ Van Gelder ní New Jersey ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, níbi tí John Coltrane, àgbà nínú àwọn tó ń fọn saksofóònù, ti ṣe àwo A Love Supreme ní 1964. Kò sẹ́ni tó fi hẹ́dífóònù bo etí nínú wọn: inú yàrá kan náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn. Kí n má purọ́, mo sùn lọ nígbà àkọ́kọ́. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan ni mo tún fi í sí i, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Gbọ́ ọ kí àwọn aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀.

Fearless Movement, àwo Kamasi Washington, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fọn saksofóònù, ńkọ́? Ó ní àwo ijó ni. Mi ò jó o. Ó gùn jù fún mi, àmọ́ orin tó mú jáde láti inú ohun tí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tẹ̀ lórí dùùrù dùn mọ́ mi.

Tí ó bá sì jẹ́ ti àwọn àgbà lórí àga ni, Charles Lloyd, àgbà olórin jáàsì Amẹ́ríkà, pé ọdún 86 ní 15 oṣù kẹta, ọjọ́ náà gan-an ni àwo rẹ̀ alápá méjì jáde. Fèrè rẹ̀ kò kánjú rárá. Bàbá ni mo ra ìyẹn fún. Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe máa ń lé wa kúrò nídìí ẹ̀rọ wọn, tí a ó wá lọ máa gbọ́ orin lójú fèrèsé?

Ẹnì kan ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, yóò gbé àwo Ezra àti ti Bàbá wá bá ọ. Má jẹ́ kí àwọn Ìbejì fọwọ́ kàn wọ́n. Bá mi yẹ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ Bàbá wò. Bí ó bá ti kú, tètè ránṣẹ́ sí mi kí n fi òmíràn sínú ẹrù náà.

Èmi ni,
Àlàó