Àkànní, mo ti rí òkè náà

Lọ́ńdọ̀n,
ìparí Oṣù Kẹrin.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bá mi kí wọn dáadáa. Sọ fún wọn pé mo ti rí oògùn àfipara tí wọ́n ní kí n wá rà, ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀ ni n ó fi rán. Ìyá Ìbejì ní kí n kí Ìyá Ṣadé, ó ní ọ̀rọ̀ aṣọ tí àwọn jọ sọ kò tíì tán.

O ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù pé Japan ńkọ́, mo sì ń dáhùn pé ó dára, ó dára. Kì í ṣe pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ tán lọ. Mo fẹ́ kí o jókòó síbi tí ara ti tù ọ́, kí o kà á bí o bá ṣe fẹ́.

Ìwọ lo gbin Tokyo sí mi lọ́kàn. Ìdí Olúmọ la wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti ilé ẹ̀kọ́, èémí wa ò tíì balẹ̀. O ní ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Abebe Bikila, ará Ethiopia, tó fi ẹsẹ̀ lásán sáré márátọ́ọ̀nù ní Róòmù ní 1960, tó gba góòlù. O ní ó tún lọ sí Tokyo ní 1964, ó wọ bàtà lọ́tẹ̀ yẹn, ó sì tún gbà á, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n la ikùn rẹ̀ tí wọ́n yọ ìfun tó wú. O ní nígbà tó parí, tí àwọn yòókù ṣì wà lójú títì, ńṣe ló ń na ara lórí koríko. Mo rò pé àlọ́ lo ń pa fún mi.

Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá ọ ní Kútọ̀, tí dókítà sì ní eré sísá ti parí fún ọ, mo ti bá ara mi dá májẹ̀mú pé ibi tí mo bá sáré dé, n ó máa sọ ọ́ fún ọ. Jẹ́ kí n san gbèsè náà.

Wákàtí mẹ́rìnlá la lò nínú bàálù. Aago ibẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú tiwa, nítorí náà oorun ò kùn mí lálẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó di aago márùn-ún ìdájí, mo wọ kánfáàsì, mo kọrí sí ààfin ọba wọn. Àwọn ará Tokyo a máa sáré yí ààfin yẹn ká. Ìyípo kan jẹ́ kìlómítà márùn-ún, kò sì sí iná ojú títì kankan tí yóò dá ọ dúró. Ní ọgọ́rùn-ún mítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ òkúta pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀ tí wọ́n ya òdòdó sí, òdòdó ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 47 tí wọ́n ní.

Mo ti sáré tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n tó kíyè sí i pé ojú ni gbogbo ènìyàn ń kọ sí mi. Bàbá kan tí irun wọn ti funfun dúró níwájú mi, wọ́n tẹrí ba, wọ́n fi ìka ya òbírí lófuurufú, wọ́n wá tọ́ka sí ẹ̀yìn mi. Ó yé mi. Ọwọ́ òsì ni ààfin gbọ́dọ̀ wà sí ẹni tó ń sáré. Èmi náà tẹrí ba, mo yí padà, a sì jọ ń bá eré lọ. Láti Takebashi ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga títí dé Hanzomon, ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò dẹ ẹsẹ̀. Òdòdó sakura ti ń re sójú omi tó yí ààfin ká, ó bò ó débi pé bí pẹ́pẹ́yẹ kan ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá, ojú ọ̀nà kan ló ń là sẹ́yìn ara rẹ̀ nínú òdòdó.

Lọ́jọ́ kejì mo mú Táyé, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tobitakyu. Títì Kōshū Kaidō gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà àtijọ́ tó ti Tokyo lọ sí Kōfu, ní ìhà àwọn òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́rí padà nínú márátọ́ọ̀nù 1964, àmì ìrántí rẹ̀ sì wà létí títì. Mọ́tò ń kọjá, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń lọ, kò sí ẹni tó wò ó. Mo fọwọ́ lé e. Ó tutù. Mo ní, “Àkànní, a ti dé ibẹ̀ o.” Táyé bi mí pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Lórí ìrìn wa padà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo tún fi ti Nojim Maiyegun kún un, nítorí mo mọ bó ṣe máa ń dùn ọ́ pé àwa fúnra wa ti gbàgbé rẹ̀: ọmọ Èkó tó kan ẹ̀ṣẹ́ ní Tokyo yẹn náà ní 1964, tó gba bàbà, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbà láyé. Táyé ní kí ló dé tí wọn ò kọ́ àwọn níléèwé. Mi ò rí èsì fún un.

Ìṣòro wá bẹ̀rẹ̀. Kawaguchiko la fẹ́ lọ, ìlú tó wà létí adágún, nísàlẹ̀ Òkè Fuji. Láti Shinjuku, ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan. Tó bá dé Ōtsuki, wọ́n á tú u: mẹ́ta péré nínú àwọn yàrá rẹ̀ ló ń yà lọ sọ́dọ̀ òkè, àwọn yòókù á máa bá tiwọn lọ sí Kōfu. Ó kù ìṣẹ́jú kan kó gbéra la tó fò wọlé. Mo ní ká jókòó síbi tí a bá rí, tó bá yá a ó rìn lọ síbi ìjókòó wa. Bí ìdí mi ṣe kan àga ni oorun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta gbé mi lọ. Ìgbà tí mo lajú, a ti kọjá Ōtsuki. Ọwọ́ mi ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, èmi ni mo yẹ kí n là ojú sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ò sọ nǹkan kan. O mọ̀ pé ìgbà tí kò bá sọ̀rọ̀ ló máa ń dùn mí jù.

Ibi tí a ti dákẹ́ báyìí ni ọkọ̀ ti já jáde láti inú ihò òkè. Àkànní, gbogbo àfonífojì Kōfu ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ẹní. Àsìkò òdòdó igi píìṣì ni. Oko píìṣì tò lọ títí, pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ètè ọmọ tuntun. Lókèèrè, ní ìkángun ọ̀run, àwọn òkè kan dúró ṣánṣán, yìnyín bo orí wọn. Kita-dake wà nínú ọ̀wọ́ òkè yẹn, mítà 3,193, Fuji nìkan ló ga jù ú lọ ní gbogbo ilẹ̀ Japan. Ìyá Ìbejì di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wo ibẹ̀ yẹn.” Ọkàn mi padà sí àyè rẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Enzan wàràwàrà. Ọkọ̀ ti gbéra kí Kẹ́hìndé tó kígbe pé báàgì dúdú wà lórí pẹpẹ òkè. Kánfáàsì mi wà nínú rẹ̀, àti aṣọ òtútù àwọn ọmọ. Bàtà mi jẹ́ ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kì í sì í yá láti rí irú rẹ̀ rà ní Japan. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibùdókọ̀ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, èmi náà ò gbọ́ tiwọn. Ó gbé bébà àti bírò fún mi. Mo ya báàgì. Ó bi mí ní àwọ̀, mo tọ́ka sí fìlà orí rẹ̀. Ó wo aago, ó tẹ fóònù, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dúró. A jọ dúró síbẹ̀, àwa márààrùn-ún. Kò tó ìdá mẹ́rin wákàtí tí fóònù dún, ó sì tẹrí ba fún wa bí ẹni pé àwa la ṣe é lóore. Ó ní Kōfu.

A dé Kōfu, báàgì wà níbẹ̀, wọ́n so bébà kékeré mọ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú, wọ́n kọ aago tí wọ́n rí i sí i lára. Ebi ti ń pa àwọn ọmọ. A jẹ hōtō níbẹ̀, oúnjẹ àwọn òkè yẹn: ìyẹ̀fun tí wọ́n gé fẹ̀, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ elégédé nínú ọbẹ̀ miso. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń fi ṣe miso, wọ́n á pa á mọ́ títí yóò fi kan, bí a ṣe ń ṣe irú. Bí mo ṣe ṣí ìkòkò rẹ̀ ni òórùn ilé lù mí nímú, ojú mi sì kún fún omi. Lẹ́yìn náà la padà sí Ōtsuki, a wọ ọkọ̀ kékeré tó ń fà gòkè. Alẹ́ ti lẹ́ ká tó dé.

Fuji bo ojú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìkùukùu bò ó dé ìdí. A lọ sí ibi ilé ìrántí alájà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Chūreitō, àtẹ̀gùn 398 ló gòkè débẹ̀. Kẹ́hìndé ní èdè Yorùbá lòun máa fi kà á. Ó kà á délẹ̀ láìfo ọ̀kan, èmi ni mò ń ràn án lọ́wọ́ níbi tí a ti ń dín. Nígbà tó dé òkè pátápátá ó kígbe “méjìdínnírinwó!” débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ibi tí òkè náà yẹ kó wà, funfun lásán ni.

Ìdájí ọjọ́ kẹrin, mò ń so okùn kánfáàsì mi lẹ́nu ọ̀nà, Kẹ́hìndé jáde síta tòun ti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Dádì, mo fẹ́ bá yín lọ.” O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti gbẹ̀yìn nínú eré ìje iléèwé rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré sísá sétí mọ́. Mo ti pinnu láti yí adágún náà ká lọ́jọ́ yẹn, bí 20 kìlómítà. Mo ní kó lọ wọ bàtà.

Òtútù ń jẹni. A gba etí omi lọ, ẹsẹ̀ tirẹ̀ la ń fi sáré. A ṣẹ́rí níbi kan tí igi parí, ó sì di apá mi mú.

Òkè náà wà níbẹ̀, Àkànní. Mítà 3,776, kò sí nǹkan tó fara tì. Òkè wa ní Abẹ́òkúta, òkúta ni, a mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn lọ́tùn-ún àti lósì ni ilẹ̀ ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pàdé ara rẹ̀ lókè. Oòrùn kò tíì kan wa, ṣùgbọ́n ó ti kan orí rẹ̀, yìnyín ibẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Adágún ò mì. Òkè mìíràn wà nínú omi, ó dorí kodò, orí rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kẹ́hìndé ò sọ̀rọ̀. Èémí rẹ̀ ń jáde bí èéfín. Apẹja kan tu ọkọ̀ rẹ̀ jáde láti etí omi, omi sì ń ṣẹ́ léraléra títí ó fi tú òkè ìsàlẹ̀ ká. Ti òkè ò mì.

Kìlómítà mẹ́ta péré la sáré. Ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká máa rìn.” A rìn padà, ó ń bi mí nípa rẹ, mo sì sọ ìgbà tí àwa méjèèjì máa ń jí sáré fún un.

Wàá rí owó bébà kan nínú àpòòwé yìí, 1,000 yen ti àtijọ́. Wọ́n ti gbé tuntun jáde ní 2024, ṣùgbọ́n wọ́n fi èyí ṣe ṣéńjì fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù létí adágún. Tí o bá yí ẹ̀yìn rẹ̀, Fuji ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú òjìji rẹ̀ nínú omi, bí a ṣe rí i gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Adágún Motosu ni tibẹ̀. Ọkùnrin tó wà níwájú ni Hideyo Noguchi, dókítà. Iná jó ọwọ́ òsì rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ibà yẹn náà ló sì pa á ní Accra ní 1928. Má ná an o, má sì jẹ́ kí Ṣadé fi ṣeré.

Kẹ́hìndé ní tí a bá wálé ní Oṣù Kejìlá, kí o mú òun lọ sí orí Olúmọ. Mo rán an létí ẹsẹ̀ rẹ. Ó ní òun mọ̀, ìrìn lòun sọ.

Èmi ni tìrẹ,
Bàbá Ìbejì.