Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: a ò tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín

Òkun o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, tẹ́ ẹ ń fi ètò ìwé-owó wa ṣírò ọjà.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni fóònù mi ò ti sinmi: "O gba páàsìwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọmọ mi." "O gbé ìwé gbèsè wa síta fáráyé." Òótọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ìkejì, irọ́ gbáà ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ń dùn mí. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tá a kọ fún kọ̀ǹpútà kí ètò náà lè ṣiṣẹ́, orí ló ń kà. Gbogbo ẹni tó bá ní páàsìwọ́ọ̀dù, dọ́là mẹ́rin lóṣù. Orí mẹ́rìnlá la ní: méjì ni tiwa, ọmọ yín tó ń bá wa tún kóòdù náà ṣe làwọn méjìlá yòókù. Dọ́là 56. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan. Bí ₦26,000 nìyẹn, mo ń san án, n ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500, owó kan náà di ₦84,000. Káàdì náírà mi ò tún ṣeé fi sanwó lókè òkun mọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ mọ́tò lọ Lọ́kọ́ja torí ẹni tó máa bá mi fi dọ́là san án. Lóru ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà síwájú mi pé owó ò wọlé, bẹ́ẹ̀ epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ. Ṣé mo fi kọ́bọ̀ kún ohun tẹ́ ẹ ń san?

Ohun tá a wá ṣe ò gùn. A ṣí kóòdù náà síta, torí wọn kì í gbowó lórí èyí tó wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè ṣe àdàkọ rẹ̀ lódindi láìní páàsìwọ́ọ̀dù, kó sì tún tirẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Àmọ́ àwa méjì nìkan ló lè kọ nǹkan sínú ojúlówó. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, nìyẹn; iṣẹ́ yẹn gan-an ni Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, torí ẹ̀ kọ Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà inú kóòdù, ní 2005: gbogbo ayé ń kà á, ìwọ̀nba èèyàn ló ń fọwọ́ sí ohun tó ń wọlé. (Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí èlé yín ṣàdédé di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ kan, ẹ mọ ìdí tó fi wù mí pé kí ìwọ̀nba èèyàn máa fọwọ́ sí ohun tó ń wọlé.)

Gbèsè yín ò sí níbẹ̀. Pátánì tí télọ̀ gbé kọ́ sára ògiri ni kóòdù. Ìwé tó kọ ìwọ̀n ìdí yín sí wà nínú dúrọ́ọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín ni ìwé gbèsè yín wà, kò dé ọ̀dọ̀ èmi alára rí.

Ọmọ tó bá rí àṣìṣe, kó tún un ṣe nínú àdàkọ tirẹ̀, kó fi ránṣẹ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó wá lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di aago méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti pa jẹnẹrétọ̀.